Pàǹtí Abẹ́ Òdòdó

"Bùnmi, mélòó ló ṣì nàró nínú wọn?"

Ọlọ́runbùnmi wò wọ́n. Kò sí èyí tó nàró. Igi òdòdó mẹ́rìnlá ló wà níwájú ilé ìgbàlejò náà, méje lọ́tùn-ún, méje lósì, gbogbo wọn ló sì sorí kọ́ bí ọmọ tí wọ́n bá wí lójú àlejò. Ewé wọn ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Etí àwọn mìíràn ti pọ́n, ó ti gbẹ, bí ẹni pé iná ló rà á.

"Mò ń bomi rin wọ́n, sà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

"Mo rí ọ. Mi ò sọ pé o ò ṣiṣẹ́." Ọ̀gbẹ́ni Adébóyè, máníjà ilé ìgbàlejò ìjọba náà, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló máa ń bà á, bí ó ti ń ba gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba láti ìgbà tí àwọn sójà ti gbàjọba. "Lẹ́tà mìíràn ti dé láti Àkúrẹ́. Wọ́n tún fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Ẹnì kan ni wọ́n ní kí n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Mi ò lè yọ kúùkù, àlejò gbọ́dọ̀ jẹun. Mi ò lè yọ ọlọ́dẹ. Ó wá ku ẹni tó ń tọ́jú ọgbà. Tí òdòdó bá wà, màá ní a nílò ẹni tó ń tọ́jú òdòdó. Tí òdòdó ò bá sí ńkọ́? Kí ni kí n wí?"

"Ẹ fún mi láàyè díẹ̀, sà."

"Kì í ṣe èmi ni mo ni àyè," ó ní, ó sì wọlé lọ.

Kàsímù kúùkù yọrí jáde láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. "Ìyá Oyin, ẹ ká a wá fún mi. Ó ti rọ̀ tán, kò ní pẹ́ jinná. Mo ní irú nílẹ̀."

"Kàsímù, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o."

"Mi ò ṣẹ̀fẹ̀. Ta ló ń rí ẹ̀fọ́ ọ̀fẹ́ láyé ológun yìí?"

Ọlọ́runbùnmi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Adéṣínà ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ gẹdú, ti wà nílé láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ kò rí táyà rà. Owó oṣù ọgbà yìí ni wọ́n fi ń jẹun, òun ni Oyin ọmọ wọn fi ń lọ sí ilé ìwé.

Òdòdó náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ìyàwó òyìnbó kan tó wá ṣiṣẹ́ gẹdú ní Ore láyé ọjọ́un ló mú un wá. Haidiréńjà ni ó pè é. Orúkọ yẹn kò rọrùn lẹ́nu, nítorí náà olórí-ńlá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é. Tó bá yọ, àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ á kó ara wọn jọ sórí ẹ̀ka kan ṣoṣo, wọ́n á rí roboto bí orí ọmọ tuntun. Àwọ̀ wọn dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré, tí wọ́n sì tètè fà yọ. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Benin máa ń dúró lẹ́nu géètì láti wò ó.

Wọ́n ní kò yẹ kó hù níbí rárá, pé ilẹ̀ tútù ló fẹ́. Ṣùgbọ́n ó hù, ọdún méjìlélógún ni ó fi ń yọ lọ́wọ́ Bàbá Ọláníran.

Àwọn méjì ló ń tọ́jú ọgbà náà tẹ́lẹ̀. Bàbá ló ni iwájú ilé, Ọlọ́runbùnmi ló ni ẹ̀yìn. Ní Sátidé ìmọ́tótó kan ní oṣù kẹsàn-án, wolé-wolé wọlé pẹ̀lú sójà kan tó mú kòbókò lọ́wọ́. Wọ́n yí ẹ̀yìn ilé ká, wọn kò rí ewé kan nílẹ̀. Wolé-wolé ní, "Ẹni tó ń ṣe ibí yìí, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ." Inú Ọlọ́runbùnmi dùn. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ lóòótọ́. Ní Ajue níbi tí wọ́n ti bí i, ọmọbìnrin tí kò bá tí ì gbálẹ̀ kì í kí ẹnikẹ́ni káàárọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, wọ́n bá ewé gbígbẹ lábẹ́ àwọn olórí-ńlá, ó ga tó kókósẹ̀. Wolé-wolé fi igi tú u. Ekòló kan jáde, ó tún wọlé.

"Ta ló ni pàǹtí yìí?"

Bàbá kò sí níbẹ̀, ó ti lọ pọnmi. Máníjà wo Ọlọ́runbùnmi.

"Ti Bàbá ni, sà," ó ní.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé láti Àkúrẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, orúkọ Bàbá ni máníjà kọ sí i. Bàbá kó àdá rẹ̀ àti fìlà iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó dágbére fún gbogbo wọn, títí kan Ọlọ́runbùnmi, ó sì lọ sí Aráròmí-Obu, abúlé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlọ́runbùnmi gbá abẹ́ àwọn olórí-ńlá. Bárò márùn-ún ni ó kún. Ó dáná sun ún. Ilẹ̀ mọ́ débi pé ẹsẹ̀ ẹyẹ hàn níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbá a lójoojúmọ́, ó sì ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí i nídìí kí ó lè sanra. Lóòótọ́, ó ga sókè fíofío nígbà òjò. Ṣùgbọ́n òjò ti lọ, ọyẹ́ ti dé.

"Ẹ lọ bá Bàbá," Kàsímù sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ó ti ń fọ ìkòkò.

"Ojú wo ni màá fi wò ó?"

"Èyí tí ẹ fi ń wò mí yìí náà ni. Ẹ ní òmíràn ni?"

* * *

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó tọrọ àyè. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé e dé ibi tí títì parí sí, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù láàárín oko kòkó. Ilé Bàbá Ọláníran kò ṣòro láti mọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Lydia, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kúuṣẹ́, mà. Ọlọ́runbùnmi ni, láti ilé ìgbàlejò."

Màmá gbé ojú sókè. "Ìwọ ni Ìyá Oyin?"

"Èmi ni, mà."

"Hẹn." Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. "Jókòó kí o mu omi. Bàbá wà nídìí kòkó rẹ̀."

Bàbá wà lẹ́yìn ilé, níbi tó gbin ọmọ kòkó sí. Ó ti ri òpó kéékèèké mọ́lẹ̀, ó sì tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Ìlà ọmọ kòkó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n nàró ṣánṣán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi agolo bu omi sí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọlọ́runbùnmi kúnlẹ̀. "Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá."

Kò wẹ̀yìn. "Àwọn olórí-ńlá ti ń kú, àbí?"

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"O ò lè wá torí tèmi."

Bàbá bu omi sí ọmọ kòkó mìíràn.

"Kí ni wọ́n ní mo ṣe tí wọ́n fi yọ mí?" ó bi í.

"Wọ́n ní ẹ kì í gbálẹ̀, sà."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀?"

"Wọ́n ní mo máa ń gbálẹ̀."

"Ó dáa nígbà náà. Lọ gbálẹ̀."

Ó gbé agolo rẹ̀, ó kọjá sí ìlà kejì, ó ń fi èdè Ìkálẹ̀ kùn sínú ara rẹ̀. Ọlọ́runbùnmi wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun máa lọ. Níkẹyìn ó dìde, ó padà síwájú ilé.

Màmá Lydia ti sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún un. "Kò dá ọ lóhùn?"

"Ó ní kí n lọ gbálẹ̀."

Màmá bú sẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọláníran yìí! Láti oṣù kẹsàn-án ló ti ń wá ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún." Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Tí o bá jẹ ẹ́ tán, lọ fọwọ́ lẹ́yìn balùwẹ̀. Omi wà níbẹ̀."

Lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, láàárín igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, ni Ọlọ́runbùnmi ti rí i. Olórí-ńlá kan ni, kò ga ju orúnkún lọ, ẹ̀ka rẹ̀ nípọn bí ìka ọkùnrin. Orí òdòdó kan ló wà lórí rẹ̀, kò sì tẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ni, ilẹ̀ ibòmíràn sì ti là, ṣùgbọ́n ewé igi yìí tutù bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ àti ewé kòkó ló bo ìdí rẹ̀, ó ga tó kókósẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó dúdú, omi wà nínú rẹ̀. Ekòló kan fi ara kan ìka rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tètè jáde níbẹ̀. Ó ń rí bárò márùn-ún, ó ń rí èéfín tó ń gòkè lọ lẹ́yìn ilé ìgbàlejò, tí òun sì dúró tì í pẹ̀lú ìgbálẹ̀, tí òun ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn.

"Ẹ̀ka kan ni mo gé bọ àpò lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀." Bàbá ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ kò lè sọ pé mo jalè. Èmi ni mo gbin ìyá rẹ̀."

"Bàbá, èmi ni mo sọ fún wolé-wolé pé tiyín ni pàǹtí yẹn."

"Mo gbọ́. Ó kúkú jẹ́ tèmi. O ò parọ́."

"Mi ò sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ fún un."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Rárá, sà."

"Ọdún mẹ́ta ni a fi jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé o bi mí rí?"

"Rárá, sà."

Bàbá bọ́ fìlà, ó fi fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le mọ́, ó kàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. "Kí lo ń fún un jẹ?"

"Ìgbẹ́ adìyẹ."

"Jáwọ́ níbẹ̀. Ó ń mú un ga láìní eegun, ìyẹn ni kò ṣe lè gbé orí ara rẹ̀. Ewé tó ń jẹrà nídìí rẹ̀ ti tó o ní oúnjẹ. Má da omi sí ewé rẹ̀ lórí, ìdí ni kí o da á sí, láàárọ̀ nìkan, kí ó pọ̀. Tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí bí o ṣe rí i níbi kòkó mi, kí oòrùn òwúrọ̀ kàn án, kí ti ọ̀sán má kàn án. Ṣé o ti gé e?"

"Mo fẹ́ gé àwọn ẹ̀ka àtijọ́ tó rí ganganrangan."

"Tí o bá gé e, o gé òdòdó ọdún yìí nìyẹn. Orí ẹ̀ka àtijọ́ ló máa ń yọ sí." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Àti ìgbálẹ̀ yẹn. Kí ó má tún dé abẹ́ rẹ̀ mọ́."

"Wolé-wolé ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn kò sí nínú ohun tí mo mọ̀," Bàbá ní, ó sì padà sídìí ọmọ kòkó rẹ̀.

* * *

Òfìfo àpò ìrẹsì mẹ́jọ ni Kàsímù bá a wá. Adéṣínà ọkọ rẹ̀ bá a kó ewé kòkó láti oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Odigbo, ó ń ṣàròyé pé àwọn aládùúgbò á ní òun ti di akópàǹtí. "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ wo awakọ̀ gẹdú," ó ń sọ fún ara rẹ̀ bí ó ti ń ru àpò. Ọlọ́runbùnmi da ewé sí ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó yọ ọ́ díẹ̀ kúrò lára igi kí ó má bàa jẹrà mọ́ ọn. Ó ri òpó, ó tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e.

Máníjà jáde lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó jáde lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Ó dà bí àgọ́ àwọn aláìnílé." Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn ti gbé ewé sókè. Mẹ́ta kò jí mọ́. Lórí àwọn ẹ̀ka àtijọ́ tí Ọlọ́runbùnmi fẹ́ gé tẹ́lẹ̀, nǹkan wẹ́wẹ́ ti ń yọ, kò ju ẹyọ iyèré lọ.

"Ṣé ìyẹn ni yóò di òdòdó?"

"Bàbá ní tó bá di oṣù tó ń bọ̀, sà."

"Oṣù tó ń bọ̀," máníjà ní. Ó ka ìka rẹ̀. "Sátidé yìí ni ìmọ́tótó."

Ọlọ́runbùnmi mọ̀. Òun náà ti ń kà á.

Ní Sátidé, kò sí ọkọ̀ kankan lójú títì ńlá. Ibi tó máa ń hó lójoojúmọ́ láti Èkó dé Benin dákẹ́ rọ́rọ́, àfi ìró ìgbálẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí àgbàlagbà kan máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí ike mẹ́ta tó wà nínú gọ́tà. Ọlọ́runbùnmi ti gbá ẹ̀yìn ilé. Ó ti gbá ẹnu géètì. Ó dé iwájú ilé, ó dúró.

Máníjà sáré jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan ni ó wọ̀. "Wọ́n ti wà ní ilé kejì! Bùnmi, gbá ewé yìí kúrò. Kó o sẹ́yìn ilé, tí wọ́n bá lọ tán kí o dá a padà."

"Tí mo bá tú u nínú oòrùn yìí, sà, kò ní jí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣí i wò, ẹ wo bí gbòǹgbò tuntun ṣe gun inú rẹ̀ wá."

"Irú pàǹtí yìí gan-an ni mo fi yọ Bàbá! Tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, mi ò lè gbà ọ́ sílẹ̀, òdòdó o, kò sódòdó o." Ó wo ẹnu géètì. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó dáa. Gbọ́. Tí wọ́n bá béèrè, sọ pé Bàbá ló dà á síbẹ̀ kó tó lọ, pé a ò tí ì ráyè kó o. Ọkùnrin náà ti lọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi í ṣe?"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti wọlé. Wolé-wolé ọjọ́sí náà ni, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábíyá. Sójà mìíràn ló tẹ̀ lé e, ọmọdé kan tí fìlà rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Wọ́n yí ẹ̀yìn ilé ká. Wolé-wolé mi orí, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n wá sí iwájú ilé.

Ó rí imọ̀ ọ̀pẹ. Ó rí ewé. Ó na igi rẹ̀ síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tú u," Ọlọ́runbùnmi ní.

Igi náà dúró lókè. Sójà yẹn wo ojú Ọlọ́runbùnmi, ó tún wo wolé-wolé. Ní ojú fèrèsé ilé ìdáná, Kàsímù kò mira.

"Ta ló ni pàǹtí yìí?"

Máníjà wo Ọlọ́runbùnmi, bí ó ṣe wò ó lọ́jọ́sí.

Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko. "Tèmi ni, sà," ó ní. "Èmi ni mo dà á síbẹ̀. Bàbá Ọláníran tí ẹ yọ níṣẹ́ ló kọ́ mi. Ewé yìí ló ń jẹ́ kí òdòdó yìí wà láàyè. Tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí i pé omi wà níbẹ̀."

Wolé-wolé kò ti ọwọ́ bọ ibikíbi. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wá bírò nínú àpò. Ṣùgbọ́n sójà ọmọdé náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan gbé ewé kòkó kan sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì rọra dá a padà síbi tó wà.

"Kí ni orúkọ rẹ?" wolé-wolé béèrè.

Ó sọ ọ́ fún un, ti ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ó dúró títí tó fi kọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó tọrọ gáfárà, ó gbé korobá omi, nítorí pé oòrùn ti ń gòkè, kò sì tí ì bomi sí ìdí àwọn tó wà lápá òsì.